Omi Ẹja Ìyá Àgbà àti Òdòdó Àlàájà Ràbí

Bí ẹ bá gbé òdòdó fún ìyá àgbà mi, ẹ má retí kí wọ́n sọ pé ó rẹwà. Ewé rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dì mú. Wọ́n á yí i padà bí ẹni tó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tó tẹ ẹ̀gún, wọ́n á gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n á tún gbé e jìnnà, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó rántí kí ẹni tó gbé e wá. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kó òdòdó wá, wọ́n tò ó sórí pósí. Ọwọ́ mi ti dé ara ewé kan kí n tó mọ̀ pé mò ń yí i wò. Bàbá mi rí mi. Mo rò pé wọ́n á bá mi wí. Àwọn náà na ọwọ́, wọ́n yí ọ̀kan wò, wọ́n sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn.

Ìtàn ayé Ìyá àgbà kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó jù mí lọ ti tẹ ìyẹn sínú ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n kọ ọjọ́ ìbí, wọ́n kọ ipò tí Ìyá àgbà dì mú nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, wọ́n sì fo gbogbo ohun tó jẹ́ kí obìnrin náà jẹ́ ara rẹ̀. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, ọmọ apẹja láti etí òkun Òǹdó, pé ọ̀dọ̀ ọkọ ni wọ́n bá dé Bàrígà, pé ẹja yíyan ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà kí èéfín tó fẹ́ gba ojú wọn. Nígbà tí ojú ò gba èéfín mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òdòdó tà létí títì ní Ọbáníkòró. Nílé, Ìyá Báyọ̀ ni wọ́n ń jẹ́, Báyọ̀ sì ni bàbá mi. Ní títì, Ìyá Olódòdó ni.

Ọ̀dọ̀ wọn ní Ladi-Lak, ní Bàrígà, ni mo dàgbà sí. Bẹ́ǹṣì kan wà ní ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé, bẹ́ǹṣì àlejò ni Ìyá àgbà ń pè é. Òdòdó tó bá ti ibòmíràn wá, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni yóò kọ́kọ́ wà, òun nìkan, jìnnà sí àwọn yòókù. Bó bá pẹ́ díẹ̀ tí abẹ́ ewé rẹ̀ ṣì mọ́, wọ́n á gbé e wọ àárín ẹgbẹ́. Bí kòkòrò bá yọ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tọ́jú rẹ̀, bí kò bá sì gbọ́ ìtọ́jú, iná ni. Nígbà tí àbúrò bàbá mi obìnrin mú ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ wá han ìyá rẹ̀, Ìyá àgbà kí ọkùnrin náà tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àlejò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bá wa rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé ìyá ìyàwó òun ò ṣeré. "Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀," ni wọ́n wí, "kòkòrò kì í yọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Gbogbo ọ̀tá òdòdó ló ní orúkọ lẹ́nu wọn. Àwọn wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tó máa ń ṣù mọ́ ẹnu róòsì tí kò tíì là, iná ni wọ́n ń pè é, bí iná orí. Àwọn pupa kíńkíńní tí ojú lásán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, tí wọ́n máa ń ta òwú tín-ín-rín sábẹ́ ewé nígbà ọyẹ́ títí àwọ̀ ewé á fi ṣí, ahunṣọ nìyẹn. Iná, omi ọṣẹ dúdú ni oògùn rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì máa ń fọ́n ọn, nítorí bí oòrùn bá bá ọṣẹ lára ewé, ewé á jó. Ahunṣọ ò fẹ́ ju omi lásán lọ, kó ṣáà lágbára, kó sì dé abẹ́ ewé láràárọ̀. Ewé dóńgóyárò tí a gún, tí a rẹ mọ́jú tí a sì sẹ́, ti àwọn tó ń jẹ ewé ní àjẹlu ni. Ìgbín àti tata, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà wọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń dá kòkòrò lórúkọ bí ẹni ń kọ́mọ jáde. Wọ́n ní, "Bí o ò bá mọ èyí tó ń bá ọ jẹun, èyí tí kò jẹ nǹkan kan ni wàá lọ pa."

Bàbá mi ló fi ojú ara wọn rí ìyẹn. Nígbà kan tí iná pọ̀ lára róòsì, bàbá mi ra oògùn kòkòrò líle lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, wọ́n sì fọ́n ọn sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé nígbà tí Ìyá àgbà lọ sí ìsìn. Ohun gbogbo kú. Alántakùn kú, kòkòrò pupa kékeré ẹlẹ́yìn tóótòòtó tó máa ń jẹ iná náà kú, kódà aláàmù kan kú lẹ́bàá ògiri. Ìyá àgbà dé, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wọlé lọ. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, iná ti padà dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sí alántakùn tó máa mú wọn mọ́. Ìyá àgbà wá pe bàbá mi, tí wọ́n ti bí èmi àti àbúrò mi nígbà náà, wọ́n ní kí wọ́n wá dúró síwájú róòsì. "Báyọ̀, ọlọ́pàá lo pa, o fi olè sílẹ̀."

Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni òwú. Kòkòrò funfun ni, ó rí múlọ́múlọ́ bí ìgbà tí òwú ìrọ̀rí já sí ara igi, ọrùn ewé haibískọ́sì ló sì fẹ́ràn jù. Yóò máa mu omi ara rẹ̀ títí ewé á fi ká kò, tí òdòdó ò sì ní là mọ́. Ọṣẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, nítorí funfun ara rẹ̀ yẹn ò jẹ́ kí omi wọlé. Ògógóró ni Ìyá àgbà fi ń nù ún. Àwọn ará Ìlàjẹ kan ló máa ń bá wọn mú ògógóró wá láti ilé, wọ́n á rẹ àkísà sínú rẹ̀, wọ́n á máa nu ọrùn ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Pásítọ̀ wọn ya ilé lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ìyá ìjọ pẹ̀lú ìgò lẹ́sẹ̀, òórùn sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Pásítọ̀ kò mọ ibi tí wọ́n á kọjú sí. Ìyá àgbà ò dìde. Wọ́n nu ewé tó wà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n ní, "Òdòdó ló ń mu ún, Pásítọ̀, ẹ wo bó ṣe dákẹ́."

Mo sọ̀rọ̀ ìgò yẹn nítorí pé òun náà wà nínú ohun tó ba ayé wọn jẹ́.

Àwọn nìkan kọ́ ló ń ta òdòdó lábẹ́ ògiri etí títì ní Ọbáníkòró. Àlàájà Ràbí, ọmọ Ẹ̀gbá, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, lábẹ́ igi fúrúntù kan náà. Àlàájà kéré sí wọn díẹ̀, wọ́n sì rọra máa ń sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n jọ ń ra iyẹ̀pẹ̀, wọ́n jọ ń bu omi. Bí ìkan bá lọ sílé, èkejì á bá a tajà, kò sì ní sọ pé tèmi ló dára jù. Nígbà ààwẹ̀, Ìyá àgbà á gba ẹ̀yìn ògiri lọ jẹun, wọ́n á fi omi ṣan ẹnu kí wọ́n tó padà. Mo jẹ́rìí sí i, nítorí èmi ni wọ́n máa ń ní kí n gbọ́ bóyá òórùn ẹja ṣì wà lẹ́nu àwọn. Àlàájà á máa pè wọ́n ní Ìlàjẹ tó sá lómi, Ìyá àgbà á ní Ẹ̀gbá tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Èmi ò tíì rí ọ̀rẹ́ tó dùn ún wò bẹ́ẹ̀ látìgbà náà. "Àlàájà ni ògiri tí mo fi ẹ̀yìn tì," Ìyá àgbà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà kan, "má sọ fún un o, á máa ṣe fáàrí."

Ohun tó dà wọ́n rú ni dúróòmù kan. Ìyá àgbà máa ń gba omi tí àwọn obìnrin fi fọ ẹja létí ọ̀sà Bàrígà, wọ́n á dà á sínú dúróòmù lẹ́bàá ògiri, wọ́n á jẹ́ kó kan, wọ́n á fi omi là á, wọ́n á sì máa bu ú sí ìdí òdòdó. Òórùn rẹ̀ lè lé òkú dìde, ṣùgbọ́n ewé máa ń dúdú minimini. Bí ìyá wọn ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, wọ́n á da omi ẹja sí ìdí àgbọn. Lọ́jọ́ kan, Àlàájà sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú mi ló ṣe, pé, "Ìyá Báyọ̀, ẹ má bínú o, omi ẹja yín yìí ń pe eèrà. Eèrà wọ̀nyí ò sì wù mí lára òdòdó." Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ìyá àgbà ti dé ìlú Èkó ni àwọn èèyàn ti ń sọ fún wọn pé ará Ìlàjẹ ń rùn bí ẹja, ibi tó ń ta wọ́n ni Àlàájà fọwọ́ bà láìmọ̀. Ojú Ìyá àgbà yí padà. "Àgbọn ìlú wa mu omi ẹja, ó so," ni wọ́n wí, "òórùn wa ni kò bá yín lára mu, ẹ sọ ọ́ síta."

Lẹ́yìn ìyẹn ni òwú dé. Ara haibískọ́sì Àlàájà ló kọ́kọ́ bọ́ sí, ó tàn dé íksórà wọn, ó tàn dé gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà náà, ṣùgbọ́n ògógóró ń bẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń nù ún láràárọ̀ kí oníbàárà tó jí. Àlàájà ní tiwọn kì í fọwọ́ kan ọtí, ì báà jẹ́ fún òdòdó. Wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ọṣẹ ò sì ràn án. Ẹni tó bá kọjá á rí òdòdó tó mọ́ lápá kan, á rí òdòdó tó hu irun funfun lápá kejì, ojú ara rẹ̀ á sì sọ ẹni tó jẹ̀bi fún un. Ìyá àgbà kò jẹ́ kó mọ sí ojú. Bí oníbàárà bá dúró sí ọ̀dọ̀ Àlàájà, wọ́n á ní, "Kọ́sítọ́mà, ẹ má gbé àrùn wọlé o, àwọn kan ń ra ẹrù aláìsàn wá tà." Mo gbọ́ ọ. Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Ọjà Àlàájà kú. Nígbà tí wọ́n ń kó ìkòkò wọn lọ, wọ́n dúró síwájú Ìyá àgbà, wọn ò pariwo. "Ìyá Báyọ̀, ọgbà ni kòkòrò jẹ, orúkọ mi lẹ̀yin jẹ."

Àlàájà lọ jókòó sílé wọn ní Fọlá Àgòrò, lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin. Wọn ò ta òdòdó mọ́. Ìyá àgbà ń sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, pé àyè ti gbòòrò, ṣùgbọ́n wọn ò na ọjà wọn dé ibẹ̀. Haibískọ́sì kan ṣoṣo ló kù síbẹ̀, èyí tí Àlàájà gbìn sí ilẹ̀ gan-an tí kò ṣeé kó lọ.

Ìdí haibískọ́sì yẹn ni òtítọ́ ti yọ, lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀ dáadáa ní Ọbáníkòró, nítorí bí òjò bá dá tán ni eèrà máa ń jáde kó ẹrù. Mo wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nínú hólídé. Ìyá àgbà jókòó, ọjà ò tíì yá, wọ́n kàn ń wo ògiri. Mo rí i tí wọ́n dìde, tí wọ́n gbé ojú súnmọ́ ògiri náà bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ewé. Eèrà ń tò lọ. Ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn gbé nǹkan funfun kan há ẹnu, ó rọra gbé e bí ìyá tó gbé ọmọ. Òwú ni. Wọ́n ń gbé e láti ara òdòdó kan lọ sí ara èkejì, nítorí òwú máa ń tọ omi dídùn tí eèrà ń lá, eèrà sì máa ń sìn ín bí Fúlàní ṣe ń da màlúù. Ìyá àgbà fi ìka tẹ̀lé ìlà náà lórí ògiri, láti ìdí haibískọ́sì Àlàájà, ó kọjá lórí òdòdó tiwọn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ abẹ́ dúróòmù omi ẹja. Wọ́n ní kí n bá àwọn tì í. Nígbà tí dúróòmù yẹ̀, ilé eèrà ló kún ilẹ̀, ẹyin wọn funfun báláú. Ìyá àgbà jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ lára wọn. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. "Àlàájà sọ ọ́ fún mi," ni wọ́n wí. "Ó sọ ọ́ fún mi, mo ní ó bú ìyá mi."

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi mọ̀ wọ́n, kì í ṣe ipò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n da omi ẹja nù sínú gọ́tà, wọ́n da omi gbígbóná sí ilé eèrà. Wọ́n gé gbogbo haibískọ́sì tiwọn tó ní òwú, àwọn tó ń mówó wọlé jù, wọ́n dì í, wọ́n sun ún. Èyí tó kù, wọ́n tò ó sórí tábìlì, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ tábìlì náà sínú agolo omi kí eèrà má lè gùn ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Oníbàárà á dúró, á bèèrè iye róòsì, Ìyá àgbà á ní, "Kí n tó dá yín lóhùn, ẹ gbọ́. Mo purọ́ mọ́ Àlàájà Ràbí tó wà níbí tẹ́lẹ̀. Eèrà ọ̀dọ̀ mi ló gbé kòkòrò lọ sọ́dọ̀ wọn." Àwọn kan á ní kò tó bẹ́ẹ̀, Màmá, ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á fi òdòdó sílẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Bàbá mi gbọ́, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ẹnu ara wọn ba bísínẹ́ẹ̀sì jẹ́. Ìyá àgbà ní, "Ẹnu yìí náà ni mo fi ba tẹlòmíì jẹ́, ṣé o fẹ́ kí n yá tìẹ ni?"

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n bá rò pé Àlàájà á ti kírun tán, Ìyá àgbà á gbé òdòdó kan, wọ́n á forí lé Fọlá Àgòrò. Òdòdó tó bá ti pẹ́ tó lórí bẹ́ǹṣì àlejò ni, èyí tí wọ́n ti yí gbogbo ewé rẹ̀ wò. Mo tẹ̀ lé wọn lọ nígbà púpọ̀. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn géètì, ọmọ Àlàájà á yọjú, á kúnlẹ̀ kí wọn, á wọlé, á tún jáde, ojú á sì máa tì í. "Ẹ má bínú, Mà. Wọ́n ní àwọn ń sinmi." Ìyá àgbà á ní kó ṣeun. Wọ́n á gbé òdòdó náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, wọ́n á sì gbé ohùn sókè díẹ̀ kó lè dé inú ilé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ. "Àlàájà, èmi ni. Mo jẹ̀bi. Màá padà wá."

Lọ́jọ́ kan, a bá ìkòkò òdòdó tó fọ́ nínú gọ́tà iwájú ilé náà. Ìkòkò Ìyá àgbà ni, àmì funfun tí wọ́n máa ń kùn sí i létí wà níbẹ̀. Kò sí òdòdó nínú rẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó títí ọkùnrin kan tó ń kọjá fi bèèrè bóyá nǹkan wọn bọ́ sí gọ́tà. Inú bí mi, mo ní ká máa lọ, pé ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ̀bẹ̀, kó fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Mo ní bí Àlàájà ṣe ń da òdòdó wa nù nìyẹn láti ọjọ́ yìí. Ìyá àgbà gbé tọjọ́ yẹn kalẹ̀ síbi tí wọ́n máa ń gbé e sí, wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tí a ń padà, wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn tutù. "Kó máa dà á nù," ni wọ́n wí. "Dídà nù ni tirẹ̀. Gbígbé lọ ni tèmi."

Nígbà tí àìsàn dé, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú. Wọn ò lè dé Ọbáníkòró mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Fọlá Àgòrò. Róòsì pupa kan wà lórí bẹ́ǹṣì àlejò nígbà yẹn tó ti tó gbé lọ. Jímọ̀ dé, wọ́n ní kí n wẹ àwọn, kí n wọ àwọn láṣọ. Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbìyànjú láti dìde, kò ṣeé ṣe. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e lọ, màá sọ ohun tí ẹ máa ń sọ." Wọ́n mi orí. Jímọ̀ mìíràn dé, mo tún sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n tún kọ̀. Mo bínú sí wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń kú lọ, ó sì dùn mí pé wọ́n ń kú lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí láyà wọn, róòsì náà sì ń gbẹ lórí bẹ́ǹṣì. "Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ ẹ́," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí ara mi yá."

Ara wọn ò yá. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n kú, kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìsìnkú rárá, mo gbé róòsì náà, mo sì lọ. Bí mo ṣe ń kan ilẹ̀kùn ni mo gbọ́ ìró àga lẹ́yìn géètì gan-an. Ilẹ̀kùn ṣí. Àlàájà Ràbí fúnra wọn ni. Wọ́n ti gbó ju bí mo ṣe rò lọ, ìborùn wọn sún sẹ́yìn. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọ́n wo títì, wọ́n tún wò mí. Mo kúnlẹ̀. Mo ṣáà gbé róòsì náà sókè sí wọn.

Wọ́n gbà á. Wọ́n gbọ́ láti ojú mi. Wọ́n ní, "Nígbà wo?" mo sì sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ wọn lọ sí ara ewé, wọ́n yí i padà, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà. Òwú kan wà ní ọrùn ewé. Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú aláìsàn, kò sẹ́ni tó yí i wò. Wọ́n fi etí ìborùn wọn nù ún kúrò. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, wọ́n sì ṣáájú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Haibískọ́sì, íksórà, róòsì, gbogbo èyí tí Ìyá àgbà ti gbé wá látọjọ́ yẹn, nínú ìkòkò tó ní àmì funfun létí, lórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú agolo omi. Ọ̀kan wà nínú agolo wàrà ńlá. Wọ́n rí i pé òun ni mò ń wò. "Ewúrẹ́ ló fọ́ ìkòkò ìyẹn," ni wọ́n wí, "mo tún un gbìn." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nígbà náà, nítorí gọ́tà yẹn, nítorí ọwọ́ Ìyá àgbà tó tutù lọ́wọ́ mi.

Bẹ́ǹṣì kékeré kan wà lọ́tọ̀ lẹ́bàá ògiri. Àlàájà gbé róòsì náà sórí rẹ̀, jìnnà sí àwọn yòókù, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo ti dárí jì wọ́n ó pẹ́," ni wọ́n wí. "Tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn, mo mọ̀ pé wọn ò ní wá ní gbogbo Jímọ̀ mọ́. Ẹ̀yìn géètì yẹn ni mo máa ń gbé àga sí. Mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ." Wọ́n nu ojú wọn pẹ̀lú etí ìborùn kan náà. "Nígbà tí wọn ò wá mọ́, mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Mo ṣì ń gbé àga síbẹ̀."